Adènà Ìlà Iwájú: Kí Ni Wọ́n Ń Wò Lára Ọmọ Kí NFL Tó Gbà Á?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí àti ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Texas

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó pè mí ní kí n wá dáhùn. Ọmọ wà ní yunifásítì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìlà iwájú àwọn adènà ni wọ́n sì fi í sí: báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá yóò rí iṣẹ́ ṣe ní NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun? Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jà rànyìn láàárín wa ní Houston àti Dallas. Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ìdúró. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ girama á rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ga ju tíṣà rẹ̀ lọ, á fà á lọ sórí pápá kí ìyá rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ogún ọdún, àwọn mọ̀lẹ́bí ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń pín owó tí kò tíì dé.

Bí mo bá bi bàbá ọmọ pé báwo ni ọmọ ṣe ń gbá a, iye sack ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Sack ni kí adènà mú kọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, balẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, òun ni àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi díwọ̀n ọmọ, sack ló rọrùn jù láti kà, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ohun tó máa ń bá ọmọ dé NFL ni ohun tó ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí kò rí kọ́tábáàkì mú. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Ẹ wo Vernon Gholston. Ní 2007, ó mú kọ́tábáàkì balẹ̀ nígbà 14 fún Yunifásítì Ohio State. Ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n gbẹ́, eré rẹ̀ yá, agbára rẹ̀ kò kéré. Ní 2008, New York Jets mú un ní nọ́ńbà 6 nínú gbogbo ọmọ tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn. Sack tó ní nínú ọdún mẹ́ta yẹn? Òdo. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o. Agbára tó ń fi borí àwọn ọmọ ogún ọdún kò tó ohun tí yóò fi borí àwọn ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè dá síbẹ̀, fídíò rẹ̀ ní Ohio State sì ti fi díẹ̀ hàn nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ọ̀nà náà ṣe tóóró tó. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL. Oṣù Kẹrin ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe draft, níbi tí wọ́n ti ń mú ọmọ ní ìpele méje. Ní 2024, ọmọ 257 ni wọ́n mú, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń gbá a ní yunifásítì káàkiri Amẹ́ríkà. Gbogbo ipò ló wà nínú 257 yẹn, títí kan àwọn tó kàn ń ta bọ́ọ̀lù.

Kò sì sí ẹgbẹ́ tó ń wá adènà lásán. Ibì kan pàtó ni wọ́n ń wá ènìyàn sí. Adènà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń fọwọ́ kanlẹ̀ níwájú bọ́ọ̀lù. Àwọn tó tóbi jù wà láàárín, àwọn tó yára jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń pe ibi tí kálukú ń dúró sí. Òdo ni ẹni tó kojú center gan-an, ìyẹn ẹni tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Mẹ́ta ni ẹni tó wà ní èjìká ìta guard, aládùúgbò center. Márùn-ún ni ẹni tó wà ní èjìká ìta tackle, ẹni tó parí ìlà. Iṣẹ́ òdo ni kó má yẹsẹ̀. Ènìyàn méjì tí ìwọ̀n wọn pọ̀ tó 600 páùn á gbé ara lé e, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí àyè sáré dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ó lè ṣe èyí fún odidi ọdún kan kí orúkọ rẹ̀ má jáde nínú ìwé ìròyìn. Ti ẹni tó dúró ní mẹ́ta yàtọ̀ pátápátá: kíákíá ni kó la àárín kọjá, kí ó sì ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn ìlà.

Torí náà, ìbéèrè tí skáótù, ẹni tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́, ń bi ara rẹ̀ kọjá bóyá ọmọ dára. Níbo ni òun máa ti lò ó? Ṣé nígbà tí wọ́n bá ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ni àbí nígbà tí wọ́n bá ń jù ú? Ta ni ọmọ náà máa lé kúrò lórí ìjókòó? Mo ti rí ọmọ tí ó jẹ́ ọba ní ìta, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun dé, tó ní kó sanra sí i kó bọ́ sí àárín. Lẹ́yìn ọdún kan, kò yára mọ́, kò sì tíì lágbára tó.

Folorunso Fatukasi, ọmọ Far Rockaway ní Queens, New York, bọ́ síbi tó yẹ ẹ́. Yunifásítì Connecticut ló lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n sọ di olókìkí. Àwọn skáótù kì í dúró pẹ́ níbẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ìpele kẹfà ni Jets ti mú un ní 2018, nọ́ńbà 180. Ó ga, ó lé ní 300 páùn dáadáa, kò sì ṣeé tì. Sack kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í sí àárín tí wọ́n ní kó dí ọ̀nà, ó dí i. Ní 2022, Jacksonville Jaguars fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta tó tó mílíọ̀nù 30 dọ́là. Gholston jẹ́ nọ́ńbà 6, Fatukasi jẹ́ nọ́ńbà 180. Ẹ gbé méjèèjì wò.

Báwo ni a ṣe ń wo fídíò? Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ níbí, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

A dá fídíò dúró kí bọ́ọ̀lù tó mì. Mo ń wo ọwọ́ tí ọmọ fi kanlẹ̀. Bí èjìká rẹ̀ bá ti kọjá ọwọ́ yẹn, tí ìka sì tẹ koríko mọ́lẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ wà níwájú, eré ló fẹ́ sá. Bí ọwọ́ bá kàn fara kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ronú, ó ń dúró de ohun tí wọ́n máa ṣe. Mo jẹ́ kí fídíò rìn díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù mì. Ta ló kọ́kọ́ gbéra nínú àwọn mẹ́rin? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí wọ́n tó lọ síwájú. Bó ti wù kí ẹ̀yìn náà kéré tó, guard ti rí àyè mí. Ẹsẹ̀ kejì ń balẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ń kan ara, ibi tí ọwọ́ bá kàn ló sì ń parí ọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ ọmọ bá wọ inú, tí àtàǹpàkò kọjú sókè, tó gbá àyà guard mú, guard ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí èjìká ìta, òun ló wà lọ́wọ́ guard. Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń wo ìbàdí. Ẹni tó bá ti dúró sí agbo ìjàkadì nílé rí kò nílò àlàyé mi: ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ti ẹnìkejì ló máa gbé e. Ọmọ gíga tí kò mọ bí a ṣe ń tẹ orúnkún, gíga rẹ̀ ń di wàhálà sí i lọ́rùn. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá adènà fi ń láyọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ti ja ìjàkadì ní girama. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń wà nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Mo tún máa ń wá àwọn ìgbà tí kò sí nǹkankan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ sí apá kejì pápá: ṣé ọmọ sá tẹ̀lé e, àbí ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí? Ènìyàn méjì tì í: ṣé wọ́n gbé e lọ, àbí ó ju orúnkún kan sílẹ̀ kó lè dí àyè? Kọ́tábáàkì ti ju bọ́ọ̀lù: ṣé ó yí padà sáré tẹ̀lé e? Kọ́tà kẹrin ti ń parí lọ, òógùn ti bo gbogbo ara: ṣé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń jáde bíi ti kọ́tà kìíní? Ìbéèrè yìí le fún ọ̀pọ̀ ọmọ, torí ní yunifásítì ńlá, adènà mẹ́jọ ni wọ́n ń pààrọ̀ láàárín ara wọn, ọmọ kì í sì í pẹ́ lórí pápá. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi ìdajì ọjọ́ wo ìdíje tí ọmọ kò ti ní sack kan, tí mi ò ní wo èyí tó ti ní mẹ́ta rárá.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo kórìíra sack tó báyìí. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò. Sack kan lè wá torí pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ti di gbogbo ọ̀nà, kọ́tábáàkì di bọ́ọ̀lù mú títí ó fi sú u, ọmọ tiwa sì wá bá a níbi tó dúró sí. Òmíràn wá torí pé tackle ọ̀tún ṣe àṣìṣe, kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ kàn gba ọ̀nà òfìfo. Àwọn mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n pè wá ní oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n lè nà án. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: lónìí, ọ̀pọ̀ kọ́tábáàkì yunifásítì kì í dúró, bọ́ọ̀lù ń tètè kúrò lọ́wọ́ wọn. Adènà lè borí ẹni tó kojú rẹ̀ nígbà ogún kí ó má mú ẹnikẹ́ni. Torí náà ni àwọn skáótù ṣe ń ka iye ìgbà tí ọmọ dá kọ́tábáàkì láàmú, tó jẹ́ kó sáré kúrò níbi tó wà, tó jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù nígbà tí kò tíì fẹ́. Wọ́n tún ń ka iye ìgbà tó mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn ìlà, torí ìyẹn nira láti rí he.

Àwọn tó fẹ́ mọ ẹni tó ní gbogbo rẹ̀, Aaron Donald nìyẹn. Yunifásítì Pittsburgh ló lọ. Ní 2013, ó mú àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn ìlà nígbà 28 àti ààbọ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ńláńlá mẹ́rin lọ́dún kan náà: Outland, Lombardi, Nagurski àti Bednarik. Fídíò rẹ̀ kò fi nǹkankan pamọ́. Guard kò tíì gbé ọwọ́ sókè tí Donald ti kọjá. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán. Gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì kan. 285 páùn ni. Apá rẹ̀ kò tó íǹṣì 33 tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fẹ́. Wọ́n ní àwọn guard NFL máa jẹ ẹ́. Ó lọ sí Combine, ìdánwò tó ṣáájú draft, ó sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.68, ó gbé irin 225 páùn nígbà 35, wọ́n ṣì ń ṣiyèméjì. Ní 2014, ọmọ méjìlá ti lọ kí St. Louis Rams tó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù adènà tó dára jù lọ lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbà á: 2017, 2018 àti 2020. Sack 20 àti ààbọ̀ ló ní ní 2018 nìkan, láàárín, níbi tí ènìyàn méjì ti ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Òun àti Rams gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní 2022, ó fẹ̀yìn tì ní 2024. Bí abẹ́rẹ́ bá kéré, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì.

Kí wá ni Combine yìí? Ní 1982 ló bẹ̀rẹ̀ ní Tampa, láti 1987 ló sì ti wà ní Indianapolis. Àwọn ọmọ tó lé ní 300 ni wọ́n ń pè wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lérò pé eré sísá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kí dókítà gbogbo ẹgbẹ́ lè yẹ ọmọ wò níbì kan náà, dípò kí ọmọ máa wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìlú kan sí èkejì kí wọ́n lè máa ya fọ́tò orúnkún kan náà. Eré sísá ló tẹ̀lé e.

Wọ́n ń wọn apá láti eegun èjìká dé ṣóńṣó ìka àárín. Wọ́n ń wọn àtẹ́lẹwọ́ ní yíyà, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Apá ṣe pàtàkì torí ẹni tí apá rẹ̀ bá gùn ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹnìkejì. Eré 40 yáàdì ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni adènà ń sáré tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje? Yáàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú eré náà ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo eré kóònù mẹ́ta, níbi tí ọmọ ti ń sá yí kóònù po bíi lẹ́tà L: ibẹ̀ la ti ń rí i bóyá ọmọ tó tóbi lè tẹ̀ láìṣubú. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n máa jẹ ẹ́.

Ìtàn 1995 kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Mike Mamula ti Boston College múra sílẹ̀ fún ìdánwò Combine bí ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC, ó sì yege débi tí ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Philadelphia Eagles ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Tampa Bay kí wọ́n lè gòkè wá mú un ní nọ́ńbà 7. Tampa Bay sọ̀kalẹ̀ lọ sí nọ́ńbà 12, wọ́n bá Warren Sapp ti Yunifásítì Miami níbẹ̀, torí ìròyìn tó ń jà kiri nípa ìwà rẹ̀ ti dẹ́rù ba àwọn tó wà níwájú. Sapp gba ẹ̀bùn adènà tó dára jù ní 1999, ó gba Super Bowl, ó sì wọ ilé àwọn akọni ní Canton ní 2013. Wọ́n ti sọ Mamula di ẹlẹ́yà láti ìgbà yẹn, mi ò sì rò pé ó tọ́: ọdún márùn-ún ló gbá a, sack 31 àti ààbọ̀ ló ní, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mú ní ìpele kìíní kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tó jẹ́ kí ìdánwò ọjọ́ kan gba ipò fídíò ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ẹgbẹ́ kankan kò mú John Randle ti Texas A&I, ìpínlẹ̀ wa níbí, ní draft 1990. Wọ́n ní ó kéré. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé nígbà tó lọ síwájú òṣùwọ̀n ní Minnesota, ó wé ẹ̀wọ̀n irin mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò kí ìwúwo rẹ̀ lè tó ohun tí wọ́n ń béèrè. Sack 137 àti ààbọ̀ ló ní kó tó fẹ̀yìn tì, ní 2010 sì ni òun náà wọ Canton.

Kí a padà sọ́dọ̀ dókítà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun àwọn òbí jù.

Adewale Ogunleye gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Indiana ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, kò sì sí ẹni tó ní sack tó tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Draft 2000 dé, ìpele méje kọjá, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Miami Dolphins ní kó máa bọ̀, wọ́n jẹ́ kí orúnkún san. Ní 2003, sack 15 ló ní, kò sẹ́ni tó jù ú lọ nínú gbogbo ẹgbẹ́ AFC, ìdajì kan nínú NFL. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Chicago Bears, ó sì bá wọn dé Super Bowl. Orúnkún bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ wà nínú fídíò kí orúnkún tó bàjẹ́. Ẹni tó wo fídíò náà ní Miami mọ ohun tí òun ń dúró dè.

Dayo Odeyingbo, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní agbègbè Dallas, lọ sí Yunifásítì Vanderbilt. Oṣù Kìíní 2021 ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún draft. Ká ní ìwé dókítà nìkan ni wọ́n kà, ìpele kẹfà tàbí keje ni à bá máa wá a. Indianapolis Colts mú un ní ìpele kejì, nọ́ńbà 54, bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé yóò pẹ́ kí ó tó wọ pápá. Ìdí ni pé ó ga, apá rẹ̀ gùn, ó sì lè dúró sí àárín àti ẹ̀gbẹ́. Ní 2023, sack mẹ́jọ ló ní. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mẹ́ta péré. Ẹni tó ń ka sack á ní ó ti ń lọ sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta 2025, Bears fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta tó tó mílíọ̀nù 48 dọ́là. Àwọn kan ń pariwo pé owó náà pọ̀ jù, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ àwọn tó san án kò ka sack.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo ìfarapa ló dọ́gba. Eegun tó ṣẹ́ tó sì jinná kì í dẹ́rù ba dókítà. Orúnkún kan náà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mejì máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀yìn tó ń dun ọmọ 300 páùn náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ máa fi gbogbo ìwé ilé ìwòsàn pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ láti parọ́ fún dókítà ẹgbẹ́. Wọn á rí i nínú fọ́tò.

Àwọn tó ní ọmọ ní Nàìjíríà á máa wò mí. Lóòótọ́, ọ̀nà mìíràn ti ṣí láti 2017, tí NFL ń gbé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ṣẹ́. C.J. Okoye, ọmọ Nàìjíríà tí kò gbá ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kankan rí, mú kọ́tábáàkì Rams balẹ̀ nínú ìdíje àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, fún Los Angeles Chargers, ní oṣù Kẹjọ 2023. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ìdíje ìmúrasílẹ̀ ni, ara ni wọ́n sì kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ìyókù. Ọmọ tó wà ní yunifásítì níbí kò ní rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbà tó yẹ kí ọmọ jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó bá ti kúrò ní girama, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ draft. Ìgbìmọ̀ kan wà ní NFL tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bá a béèrè. Ìdáhùn wọn kò gùn: wọ́n lè ní ó ṣeé ṣe kí o dé ìpele kìíní, wọ́n lè ní ìpele kejì, bí wọn kò bá sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n ní kí o padà sí kíláàsì. Mo ti rí bàbá tó bínú sí ìwé yẹn bí ẹni tí wọ́n bú. Ẹ má bínú. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ta ọmọ, wọn kì í sì í gba ìdá owó lórí àdéhùn, bíi ti àwọn kan tó ń pè yín lórí fóònù lálaalẹ́.

Nígbà kan rí, ọmọ tálákà tí ìwé yẹn bá ní kó padà máa ń jáde bẹ́ẹ̀ náà, torí ebi. Láti oṣù Keje 2021 ni òfin ti gbà kí ọmọ yunifásítì gba owó lórí orúkọ rẹ̀. Láti oṣù Keje 2025, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an lè san owó fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀, tó fi dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀ dọ́là fún gbogbo wọn lọ́dún àkọ́kọ́. Láti 2011 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n bá mú ọmọ ní NFL ti ń pinnu owó tó máa gbà fún ọdún mẹ́rin, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìdúnàádúrà. Ní ìṣirò tèmi, adènà tó wà ní ipò ìpele karùn-ún lónìí lè rí owó tó dára gbà níbi tó wà, kí ó sì fi ọdún kan tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Bí ọmọ bá máa padà, ẹ má béèrè iye sack tí wọ́n ń retí. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa mú un dúró sí, àárín ni àbí ẹ̀gbẹ́, àti bóyá wọ́n máa ní kó sanra tàbí kó fọn. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa jẹ́ kó wà lórí pápá nígbà tí wọ́n bá ń ju bọ́ọ̀lù, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sáré nìkan. Ẹ sì wádìí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kọ́ àwọn adènà, kì í ṣe ọ̀gá àgbà tó ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì nílé yín. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni irú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ́ẹ̀ máa ń kó ẹrù lọ sí yunifásítì mìíràn. Bí òun náà bá ń lọ, ẹ tètè mọ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ sí ìwé.